Orí Ìròyìn Nìkan Ni Onígbàjámọ̀ Ń Kà

Gbogbo ọkùnrin àdúgbò náà ló mọ̀ pé bí èèyàn bá fẹ́ gẹ irun lásán, kó lọ sọ́dọ̀ àwọn onígbàjámọ̀ yòókù. Bó bá fẹ́ gẹ irun kó sì gbọ́ ohun tí ayé ń ṣe, ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ń pè ní Sáyẹ́ǹsì ni kó gbà lọ. Kì í ṣe pé ó mọ irun gẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹnu rẹ̀ ló yàtọ̀. Ó ní fóònù kan tí ojú rẹ̀ ti sán, ó fi rọ́bà dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́ dígí, bó sì ṣe ń fi ọwọ́ ọ̀tún gẹ ẹ̀yìn ọrùn oníbàárà ló ń fi ìka òsì fa ìròyìn sókè. Àwọn tó ń kọ́ irin ní ìrònú, àwọn tó fẹ́ lọ kọ́lé sínú oṣù, àwọn tó rí omi lábẹ́ yìnyín níbi tí ẹnikẹ́ni ò lè gbé, gbogbo wọn ló ń gba inú ṣọ́ọ̀bù yẹn kọjá, Sáyẹ́ǹsì ló sì ń dá ẹjọ́ wọn.

Ẹjọ́ rẹ̀ kì í pẹ́. Ẹ̀rọ tó ń ronú? Ó ní yóò gba bírò lọ́wọ́ akọ̀wé, yóò gba ìwé lọ́wọ́ lọ́yà, ṣùgbọ́n kò ní gba abẹ lọ́wọ́ onígbàjámọ̀, torí kò sí ẹni tí orí rẹ̀ pé tó máa na ọrùn fún ohun tí kò ní ìyá. Ṣé fóònù ń gbọ́ ohun tí à ń sọ? Ó ń gbọ́ ọ, ó sì ń rántí ju ìyàwó ilé lọ. Oṣù ńkọ́? Kí wọ́n fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹni tí kò tíì dí kòtò iwájú ilé ara rẹ̀, kí ló ń wá lọ sínú oṣù?

Dẹ́rẹ́bà kan wà tó máa ń wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì bí kò bá tiẹ̀ ní irun tó fẹ́ gẹ̀. Ọjọ́ tí Sáyẹ́ǹsì ka ìròyìn mọ́tò tó ń wa ara rẹ̀, inú bí ọkùnrin náà gan-an.

"Bó bá gbá èèyàn, ta ni wọ́n máa mú?"

"Mọ́tò náà ni wọ́n máa mú."

"Ta ló máa wá bẹ̀bẹ̀ fún un? Ṣé kẹ̀kẹ́ ni, àbí ọ̀kadà?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Òfin kan ló sì wà ńbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀: ẹni tó jókòó lórí àga ló ń yan ìròyìn tí wọ́n máa sọ, àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì lè jiyàn bó ṣe wù wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó mú abẹ ló ni gbólóhùn ìkẹyìn. Òfin náà kò le. Ta ló fẹ́ bá ẹni tó gbé abẹ sí i lọ́fun jiyàn?

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbìyànjú rẹ̀, tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó kọ́ ìdajì àdúgbò náà ní ìṣirò, tó sì na ìdajì yòókù. Tíṣà ló kọ́kọ́ rí àléébù Sáyẹ́ǹsì. Ó ní, "Sáyẹ́ǹsì, orí lò ń gẹ̀, orí náà lo sì ń kà." Òótọ́ ni. Orí ìròyìn nìkan ni Sáyẹ́ǹsì ń kà. Kó tó lè ṣí ìròyìn kan, ó ní láti gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, kó nu irun kúrò lọ́wọ́, kó dúró de nẹ́tíwọ̀kì, nígbà yẹn ẹni tí wọ́n gẹ orí rẹ̀ dé ìdajì á ti máa wo ara rẹ̀ nínú dígí bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Nítorí náà ó ń ka orí, ó sì ń fi èrò tirẹ̀ ṣe ara àti ẹsẹ̀ fún un. Ó ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Ó ti pẹ́ tó ti gbàgbé pé nǹkan kan tiẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Ẹ má tètè dá a lẹ́bi o. Ọmọ tó ń ṣe dáadáa ní ilé ìwé ni tẹ́lẹ̀. Ìyá wọn kú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n náà ti di ìyá. Ó fi ìwé tirẹ̀ sílẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀, ó sì fi abẹ́rẹ́ tọ́ àbúrò rẹ̀ dàgbà. Nígbà tí ìdánwò tó máa gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwé gíga já a kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, obìnrin náà kò sọ̀rọ̀ àbùkù kan sí i. Òun ló ra ẹ̀rọ ìgẹrun àkọ́kọ́ fún un. Nígbà tí àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àbúrò rẹ̀ ní Sáyẹ́ǹsì, tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, òun nìkan ló gbà á bí oyè. Àárín àwọn oníbàárà rẹ̀ ló ti máa ń sọ ọ́, pé, "Ẹ jẹ́ kí n bi àbúrò mi. Ó mọ nǹkan." Nínú gbogbo ẹni tó ń gbọ́ Sáyẹ́ǹsì, àwọn yòókù ń gbádùn rẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbà á gbọ́.

Ní gbogbo Sátidé kejì ló máa ń wá kí wọ́n gẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, torí ó ní irun gígùn máa ń wọ inú ẹ̀rọ ìránṣọ. Bó bá ti wọlé, dẹ́rẹ́bà á dìde fún un, Tíṣà á kí i, Sáyẹ́ǹsì á sì gbọn àga nù lẹ́ẹ̀mejì.

Ọdún méjì ṣáájú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, obìnrin náà lọ ṣe awò ojú, torí ó ti ń ṣòro fún un láti fi òwú sínú abẹ́rẹ́. Awò ló wá lọ, àrùn ló gbé bọ̀. Dókítà ní ìfúnpá inú ojú rẹ̀ ga jù, ó sì ń pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ, díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Kò ní dùn ún. Kò ní yún un. Oògùn ni kó máa kán sí ojú méjèèjì, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Oògùn náà ń ta á bí ata, ó ń mú kí ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ń mú kí aṣọ tó wà níwájú rẹ̀ ṣú fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú kan tí kò fi ní lè rán nǹkan kan. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lójú obìnrin tó ń ṣiṣẹ́: àrùn kò dùn ún, oògùn ló ń dùn ún. Síbẹ̀ ó ń kán an. Ọdún kan gbáko, kò fo ọjọ́ kan.

Sátidé kan báyìí, ó jókòó sórí àga, Sáyẹ́ǹsì ta aṣọ bò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìròyìn sókè. Orí kan kọjá, ó fà á padà.

"Àǹtí, ẹ gbọ́ èyí. Tiyín ni." Ó kà á sókè kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù lè gbọ́: "Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti mú kí iṣan ojú tó ti kú hù padà."

Obìnrin náà gbé orí sókè lábẹ́ ẹ̀rọ. "Iṣan ojú? Èyí tí dókítà sọ yẹn?"

"Òun gan-an ni. Ẹ ò rí i? Nǹkan tí wọ́n ní kò lè padà, ó ti padà."

"Ìgbà wo ló máa dé ọ̀dọ̀ àwa?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn, ìdáhùn gidi sì wà fún un nísàlẹ̀ ibi tí ìka rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́ta ló ń dúró lórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀rọ sì ń kùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọdún méjì. Bó bá pẹ́ jù, mẹ́ta. Ẹ máa wọ ilé ìwòsàn láàárọ̀, ẹ máa jáde lọ́sàn-án, ojú yín á sì dà bíi ti ọmọ tuntun. Oògùn tí ẹ̀ ń kán yìí, inú ìtàn la máa ti máa gbọ́ ọ."

"Ṣí i kí o kà á," Tíṣà wí láti orí bẹ́ǹṣì.

"Tíṣà, ìròyìn rere náà tún ń fẹ́ ìṣirò?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ ló ń dùn. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní, "Ọlọ́run ṣeun." Ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oníbàárà tó kàn jókòó, ó yan ìròyìn bátìrì tó ń gba iná láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, Sáyẹ́ǹsì sì ní irọ́ ni.

Ẹyin lohùn, àwọn àgbà wí, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ṣùgbọ́n ẹyin yìí kò fọ́ lọ́jọ́ tó bọ́. Ó gbà ju ọdún kan lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ kéré. Obìnrin náà ń fi èjìká gbá òpó ilẹ̀kùn. Ó ń gbé ife sílẹ̀ ní ẹ̀bá tábìlì, ife á jábọ́. Ó tàsé àtẹ̀gùn kan lójúde ara rẹ̀, ó sì fi orúnkún gúnlẹ̀. Oníbàárà kan dá kaba padà, ó ní ìṣẹ́tí rẹ̀ lọ sókè ní apá kan bí ẹni tó ń tiro. Ó bínú sí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó pe alátùn-únṣe, ọkùnrin náà ní kò sí nǹkan tó ṣe é.

Sáyẹ́ǹsì ní èrò lórí èyí náà. Ó ti ka orí kan nípa ìmọ́lẹ̀ fóònù. "Àǹtí, ẹ dín fóònù kù. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń jẹ ojú. Wọ́n ti sọ ọ́." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dín fóònù kù. Ó fi sínú dúrọ́ọ̀, ó ń fi àárọ̀ nìkan wò ó. Ohunkóhun tí ọmọkùnrin yìí bá sọ ló ń ṣe, àfi bí ẹni pé òun ni àbúrò.

Lọ́jọ́ kan, Sátidé náà ni, ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá àárọ̀ tí oòrùn kún gbogbo ojú pópó, obìnrin náà wọlé, ó kí gbogbo ilé, ó sì rìn tààrà lọ jókòó sórí itan dẹ́rẹ́bà.

Ẹ̀rín bú. Dẹ́rẹ́bà fúnra rẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó wà nílé o." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó ní òun rò pé àyè ṣófo níbẹ̀. Bó ṣe ń dìde, ó na ọwọ́ wá ògiri kó tó rí i.

Sáyẹ́ǹsì kò rẹ́rìn-ín. Ó pa ẹ̀rọ.

"Àǹtí, oògùn ojú yín, ìgbà wo lẹ ti rà á kẹ́yìn?"

"Oògùn wo?"

"Èyí tí ẹ̀ ń kán."

"Ah. Mo ti fi ìyẹn sílẹ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́." Ohùn rẹ̀ balẹ̀, kò sí ẹ̀sùn kankan níbẹ̀. "Ṣebí ìwọ lo ní wọ́n ti rí èyí tó ń mú un hù. Mo ní kí ni mo tún ń fi nǹkan tó ń ta mí ṣe, ìgbà tó jẹ́ pé wọ́n máa tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kàn ń dúró de ọdún méjì tí o sọ ni. Ó mà ti ń pé lọ."

Ọkùnrin tó wà lórí àga tí wọ́n gẹ orí rẹ̀ dé ìdajì wolẹ̀. Tíṣà wolẹ̀ pẹ̀lú, torí èèyàn dáadáa ni, kò sì sọ pé, mo wí i.

Ní ọjọ́ Ajé, Sáyẹ́ǹsì ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Wọ́n fi obìnrin náà jókòó síwájú ẹ̀rọ kan tó dà bí abọ́ ńlá, wọ́n fi bọ́tìnnì kan sí i lọ́wọ́, wọ́n ní bó bá ti rí iná kékeré kó tẹ̀ ẹ́. Sáyẹ́ǹsì dúró lẹ́yìn. Láti ibi tó wà, ó ń rí àwọn iná náà bí wọ́n ṣe ń tàn: ọ̀tún, òkè, òsì, òsì, ìsàlẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò mira. Iná tàn, ó kú, òmíràn tàn. Ọwọ́ náà dúró lórí bọ́tìnnì, ó múra sílẹ̀, bí ọwọ́ ọmọ tó mọ̀wé tó ń dúró kí wọ́n bi òun. Ó tẹ̀ ẹ́ nígbà kan, inú rẹ̀ dùn, ó sì tún dúró. Sáyẹ́ǹsì fẹ́ pariwo fún un pé, tẹ̀ ẹ́, Àǹtí, ó ti tàn.

Dókítà náà, obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀, tẹ́ àwòrán sórí tábìlì. Dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ó ní ojú ọ̀tún ti lọ. Ó ní ojú òsì ṣì ń rí àárín, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń yọjú láti inú ihò bọ́tìnnì aṣọ ló ṣe ń rí i. Èyí tó kù, bí ó bá padà sórí oògùn lónìí tí kò sì dáwọ́ dúró mọ́, wọ́n lè gbà á là. Èyí tó ti lọ, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

"Ẹ má bínú, mà," ó wí. "Kò ṣeé dá padà."

Ẹ̀gbọ́n Sáyẹ́ǹsì rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tó ń rín sí oníbàárà tí kò mọ orúkọ aṣọ tó gbé wá. "Dókítà, ó ń padà o. Wọ́n ti rí i. Àbúrò mi kà á. Ó mọ nǹkan." Ó yí ojú síbi tó rò pé àbúrò rẹ̀ wà, ó fi díẹ̀ ṣìnà. "Sọ fún wọn."

Dókítà wo Sáyẹ́ǹsì. Kò bínú, ó kàn ń dúró. Ó sì dájú pé ó ti gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, Sáyẹ́ǹsì kò tíì sí níbi tí kò ti rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó ronú láti sọ pé ìròyìn náà ló purọ́. Ó ronú láti sọ pé wọ́n ṣì ń ṣe é lọ́wọ́, kí ẹ̀gbọ́n òun lè máa dúró dè é. Ìtìjú bò ó. Nígbà tó sọ ọ́, ilẹ̀ ló ń wò.

"Mi ò kà á, dókítà. Orí rẹ̀ nìkan ni mo kà."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú báàgì rẹ̀, ó gbé e sórí itan, ó sì ń fi àtàǹpàkò tọ ojú òwú rẹ̀, bí ó ti ń ṣe sí aṣọ tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó gún.

Wọ́n jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti dúró de oògùn. Àwọn èèyàn ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Ẹni tó bá gba iwájú kọjá, obìnrin náà ń mọ̀. Ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́, ó ń bá a lójijì. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń wí. Sáyẹ́ǹsì ń sunkún, kò sì fi ohùn sí i, ó rò pé ẹ̀gbọ́n òun kò rí òun.

"Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Kí ni, Àǹtí?"

"Ìròyìn yẹn. Wá a jáde, kí o kà á fún mi."

Sáyẹ́ǹsì ní kí ẹ̀gbọ́n òun fi sílẹ̀. Ó ní òun bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kàn jókòó bẹ́ẹ̀, ojú níwájú. Sáyẹ́ǹsì wá a. Kò tilẹ̀ ṣòro rí. Ó ṣí i fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ohùn rẹ̀ kò tóbi.

Ìròyìn náà ní nínú ilé àyẹ̀wò kan, iṣan díẹ̀ hù padà lẹ́yìn ojú àwọn eku. Ó ní eku tí kò tíì gbó ni wọ́n lò. Ó ní kò tíì sí ẹ̀rí pé àwọn eku náà ń fi iṣan ọ̀hún ríran. Ó ní àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà sọ pé ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dé ara èèyàn, bó bá tilẹ̀ máa dé ọ̀hún. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ni pé wọ́n bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ní àrùn náà kó má ṣe fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìròyìn yìí. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Nọ́ọ̀sì kan pe orúkọ ẹlòmíràn.

"Ṣé ó tán?"

"Ó ti tán, Àǹtí."

Nọ́ọ̀sì pe orúkọ obìnrin náà pé kó wá gba oògùn.

"Kò mà gùn," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó sì dúró kí àbúrò rẹ̀ wá mú òun lọ́wọ́.